Ọ̀gá Tó Fún Kọ̀ǹpútà ní Kúèrì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ènìyàn ò lè bá kọ̀ǹpútà jìjàkadì kí kọ̀ǹpútà sì gbé e ṣánlẹ̀, ẹ ní kó wá bá mi. Kò ṣojú mi o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣojú ẹ̀ ò parọ́ fún mi rí, àfi lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà ńkọ́? Ẹ ní sùúrù, a ṣì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ni, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, tí ẹni tó bá sì nílò ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ti ń lọ gbà á. Ilé alájà kan ni, ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ti ń ṣí. Bẹ́ńṣì gígùn kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún àwọn tó ń dúró, ẹsẹ̀ kan rẹ̀ sì kúrú. Ẹni tó bá jókòó sí ìparí bẹ́ńṣì yẹn gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ tì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo wọn á ṣubú.

Ọ̀gá àgbà ibẹ̀ lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ló rántí? Oyè tó wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ gùn débi pé káfíńtà ní láti kan pákó mọ́ ilẹ̀kùn kí ó tó gbà á: Olùdarí Àgbà, Alámòójútó Gbogbo Àkọsílẹ̀, Olùtọ́jú Ọjọ́ Ìbí Gbogbo Ènìyàn, Alága Ìgbìmọ̀ Tó Ń Mójú Tó Àwọn Ìgbìmọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Mo-Ti-Fọwọ́-Sí-I làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í fọwọ́ sí. Wọ́n pa eku kan ní yàrá fáìlì lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé ìwé wá kóun fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbá òkú eku dànù. Ìwé náà sùn lórí tábìlì rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí yàrá fáìlì á ṣe máa rùn.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló gbé gbogbo àkọsílẹ̀ ìbí dání níbẹ̀, fọ́tò Ọ̀gá ló sì kún ojú rẹ̀ bámúbámú. Òfin ni pé ẹni tó bá tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀ gbọ́dọ̀ kí fọ́tò náà kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Bó bá ti kí i tán, ohùn Ọ̀gá tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ á jáde látinú ẹ̀rọ pé, "Mo rí yín. Ẹ ṣiṣẹ́." Bí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra o. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi kí i bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé rẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, ló máa ń tan kọ̀ǹpútà náà. Ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n ṣe. Bí Ọ̀gá bá sín, á ní, "Ẹ ṣeun gan-an, sà, ó ṣe wá láǹfààní." Bí Ọ̀gá bá ní oòrùn mú, á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà tẹ bọ́tìnnì, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó tẹ orí ba bó ṣe máa ń ṣe. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà. Ara yín ti dán ju ti àná lọ, sà." Ó dúró kí ohùn jáde. Ohùn ò jáde. Ló bá gbójú sókè.

Àgùntàn mẹ́ta ló bá lójú kọ̀ǹpútà. Méjì ń jẹ koríko lórí òkè kan. Èyí tó wà láàárín gbórí sókè, koríko ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ó tẹjú mọ́ akọ̀wé bí ẹni pé òun gan-an ló ń kí.

"Yéè! Mo gbé!"

Ká tó wí ká tó fọ̀, Ọ̀gá ti dé, kóòtù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó wo àgùntàn. Àgùntàn náà ń wò ó.

"Ta nìyí?"

"Àgùntàn ni, sà."

"Ṣé mi ò mọ àgùntàn ni? Mo ní ta ló gbé e síbẹ̀?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bọ̀ọ̀dá Wáyà, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí sikirudíráfà kì í kúrò lápò àyà rẹ̀. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó ní:

"Kò sí wàhálà, sà. Ọ́pùdéètì ló wọlé láàárọ̀ yìí. Àwọn tó ṣe ètò inú kọ̀ǹpútà ló máa ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àkọsílẹ̀ kankan ò sọnù, iṣẹ́ ń lọ geerege. Fọ́tò yín nìkan ló pààrọ̀. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì, màá gbé yín padà síbẹ̀."

"Ìṣẹ́jú méjì!" Ọ̀gá fi ọwọ́ lu tábìlì. "Wọ́n yọ mí kúrò lójú iṣẹ́, wọ́n fi ẹran rọ́pò mi, ìwọ ń sọ ìṣẹ́jú méjì! Mi ò fẹ́ kí o gbé mi padà. Mo fẹ́ kí o yọ ohun tó yọ mí. Gbòǹgbò rẹ̀ ni mo fẹ́ kí o fà tu!"

"Sà, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Kí lo wí?"

"Mo ní bó bá jẹ́ yíyọ lẹ fẹ́, sà, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ lónìí. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni kọ̀ǹpútà ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ padà sí ti tẹ́lẹ̀. Tó bá ti kọjá ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti ilẹ̀kùn nìyẹn."

"Ọjọ́ mẹ́wàá pọ̀ ju ohun tí mo nílò lọ," ni Ọ̀gá wí. "Ohun gbogbo ló ní ìlànà. Títí tí a ó fi parí ìlànà náà, mo pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ ìwé kankan jáde lábẹ́ àkóso àgùntàn. Mo ti fọwọ́ sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" ni akọ̀wé dáhùn, láìtíì béèrè ohun tó túmọ̀ sí.

Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ dá ṣáká, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí inki kún inú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, nítorí pé àgùntàn ń wo Ọ̀gá.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bá lórí bẹ́ńṣì ni Sisí Aránṣọ. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti fi ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan. Láti kékeré ló ti fẹ́ di agbẹ̀bí, àmọ́ bàbá kú, àwọn àbúrò pọ̀, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé bá di ìgbà tó bá yá. Ìgbà náà ti wá yá wàyí. Ilé-ìwé agbẹ̀bí ti gbà á, lẹ́tà wọn wà nínú báàgì rẹ̀, ó ti kà á títí ojú ìṣẹ́po rẹ̀ fi fẹ́ ya. Ohun kan ló kù. Ilé-ìwé yẹn kì í gba ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínlógójì, wọ́n sì fẹ́ rí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó lù. Oṣù tó ń bọ̀ ni Sisí Aránṣọ máa pé mẹ́rìndínlógójì. Bí Fúráìdeè yẹn bá kọjá, kò sí ọdún mìíràn fún un mọ́ láyé.

Nígbà tí Ọ̀gá ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Orúkọ mi wà nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní bọ́tìnnì kan péré ni wọ́n máa tẹ̀."

Ọ̀gá dúró. Ẹ ò mọ Ọ̀gá bí ẹ bá rò pé ó lè rí ènìyàn mẹ́sàn-án lórí bẹ́ńṣì kó má bá wọn sọ̀rọ̀.

"Ìwọ obìnrin yìí," ló wí, ó gbé àgbọ̀n sókè, "ṣé o mọ ohun tí ò ń béèrè? Ọjọ́ orí! Ọjọ́ orí ènìyàn kì í ṣe aṣọ tí a ń gé, tí a ń lẹ̀. Nínú ilé yìí, lábẹ́ èmi yìí, a kì í fi ọjọ́ kan kún un, a kì í sì í yọ ọjọ́ kan kúrò nínú rẹ̀. Ohun mímọ́ ni! Ohun mímọ́ kò sì lè jáde lábẹ́ ẹran!"

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ ti bẹ́ńṣì gbàgbé ara rẹ̀, ó fẹ́ pàtẹ́wọ́ náà, ni bẹ́ńṣì bá da gbogbo wọn sílẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ìlànà tí Ọ̀gá tẹ̀lé. Ní ilé-iṣẹ́ ìjọba, bí òṣìṣẹ́ bá ṣẹ̀, kúèrì ni wọ́n ń kọ sí i, kó fi lẹ́tà ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọ̀gá wò ó títí, ó ní kọ̀ǹpútà wà nínú àkọsílẹ̀ ohun ìní ìjọba, ó ní nọ́ńbà bí òṣìṣẹ́ yòókù, nítorí náà, kúèrì tọ́ sí i. Ó jókòó, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀:

"Sí Kọ̀ǹpútà. Ó ti hàn sí ọ́fíìsì yìí pé, láìgba àṣẹ, o jẹ́ kí àjèjì kan wọ inú rẹ, o sì yọ àwòrán ọ̀gá rẹ kúrò, o fi àgùntàn mẹ́ta rọ́pò. Ṣàlàyé láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta ìdí tí a kò fi ní fìyà jẹ ọ́."

Wọ́n gbé ìwé náà lé orí kọ̀ǹpútà. Ó yẹ kí ẹni tó gba kúèrì fọwọ́ sí i pé òun rí i gbà, nítorí náà Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà bá a fọwọ́ sí i. Wọ́n dúró wákàtí méjìdínláàádọ́ta. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ò fèsì. Ọ̀gá ní, "Ẹ rí i bí? Ìgbéraga!" Ó bá gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje kalẹ̀ láti wádìí ìdí tí kọ̀ǹpútà kò fi dáhùn.

Ìgbìmọ̀ jókòó ní Tọ́sìdeè, wọ́n jókòó ní Fúráìdeè. Wọ́n fi odindi Mọ́ńdè jiyàn bóyá akọ ni àgùntàn àárín àbí abo, torí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé. Ojoojúmọ́ ni Bọ̀ọ̀dá Wáyà ń yọjú sí ẹnu ọ̀nà, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ ń lọ o." Alága á ní, "Ṣé o wà lára ìgbìmọ̀ ni?"

Ojoojúmọ́ náà ni Sisí Aránṣọ ń jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń fọwọ́ ká etí aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gá rí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó wá rán ìbòrí dúdú fún kọ̀ǹpútà, kí ojú òun àti ti ẹran náà má baà máa pàdé. Obìnrin náà rán an lọ́fẹ̀ẹ́. Ó rò pé bóyá ó máa mú kí ìwé òun yá. Ibi tó ti ń wọn kọ̀ǹpútà ló ti bi Bọ̀ọ̀dá Wáyà léèrè:

"Bọ̀ọ̀dá, kí ló tiẹ̀ ṣòro nínú yíyọ nǹkan yìí?"

"Kò ṣòro púpọ̀, àǹtí mi. Àwọn ọ́pùdéètì gun ara wọn lórí ni. Èyí tó dé kẹ́yìn lèèyàn ń kọ́kọ́ yọ. Bí o bá sì ti bẹ̀rẹ̀, o ò gbọ́dọ̀ dúró lágbede méjì."

"Bí aṣọ títú náà ni. Ibi tí òwú parí sí la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì fà á já láàárín, ó ti ba aṣọ aláṣọ jẹ́."

"O ti mọ iṣẹ́ mi tán. Wá gba sikirudíráfà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín obìnrin náà ò dé ojú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹwàá bọ́ sí Wẹ́sìdeè. Ìgbìmọ̀ ti parí, ìwé àṣẹ ti dé orí tábìlì, ìfọwọ́sí Ọ̀gá nìkan ló kù. Níbo ni Ọ̀gá wà? Ó ti lọ ya fọ́tò tuntun. Ó ní nígbà tí wọ́n bá gbé òun padà, ó yẹ kóun padà pẹ̀lú ògo tó ju ti àtijọ́ lọ. Àti àárọ̀ títí di ìgbà tí ọ́fíìsì ṣẹ́ ló fi wà lọ́dọ̀ ayàfọ́tò, wọ́n ń gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀.

Nígbà tó dé ní àárọ̀ Tọ́sìdeè, ó fọwọ́ sí i wàì, ó ní, "Ó yá, yọ ọ́!" Bọ̀ọ̀dá Wáyà ṣí ìbòrí, ó wá bọ́tìnnì àbọ̀padà. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn ti tì.

"Ta ló tì í?" ni Ọ̀gá bú ramúramù.

"Ọjọ́ ló tì í, sà. A ti wà ní ọjọ́ kọkànlá."

Orí èyí ni wọ́n wà tí lẹ́tà fi dé láti olú ilé-iṣẹ́: Alábẹ̀wò Àgbà ń bọ̀ lọ́la, ní aago kan ọ̀sán, kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ìforúkọsílẹ̀ hàn án bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ara Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ara Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà náà gbọ̀n, ó tiẹ̀ gbọ̀n ju ti Ọ̀gá lọ.

Bọ̀ọ̀dá Wáyà ṣe sùúrù. Ó ní ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kan ṣì wà, pé òun lè pa kọ̀ǹpútà kóun tún un tan sí ibi àtúnṣe tirẹ̀, kóun yọ ọ́pùdéètì náà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa pẹ́ díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó bẹ̀rẹ̀. Àgùntàn lọ. Ojú kọ̀ǹpútà di aláwọ̀ búlúù, òǹkà ń gòkè: mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ogún, ọgbọ̀n. Sisí Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá òǹkà náà ka.

Nígbà tó dé mẹ́tàlélógójì, ó dúró síbẹ̀. Ọ̀gá sún mọ́ ọn, ó wọ gíláàsì rẹ̀. "Kí lohun tó kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Ó ní ká má pa á, sà. Kó ṣáà parí."

"Ó ní ká má kí ni?"

"Ká má pa á, sà."

Ọ̀gá yíjú wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èmi. Nínú ọ́fíìsì mi. Ó ń sọ fún mi ohun tí mi ò gbọ́dọ̀ ṣe. Kò fi 'ẹ jọ̀ọ́' sí i, kò fi 'sà' sí i. Akọ̀wé, láti ìgbà tí mo ti wà lórí àga yìí, ta ló ti pàṣẹ fún mi rí?"

"Kò sí o, sà!"

"Sà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má..."

Ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu Bọ̀ọ̀dá Wáyà tí Ọ̀gá fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó gbá wáyà mú, tó fà á yọ lára ògiri. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Sisí Aránṣọ figbe ta bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Ọ̀gá wí, ó ń mí gúlegúle. "Àgùntàn ti lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ ti ń dà mí láàmú, ọwọ́ kan péré ni mo fi ṣe é."

Òótọ́ ni, àgùntàn lọ. Ohun gbogbo yòókù náà bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n tún un tan, kọ̀ǹpútà kùn díẹ̀, ó pa ara rẹ̀, ó tún tan, ó tún pa ara rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Wáyà jókòó tì í títí ọ́fíìsì fi ṣẹ́, ó mi orí.

Ní kùtù Fúráìdeè, ó lọ bá Ọ̀gá. Ọ̀gá wà níwájú dígí, ó ń fi ọ̀rọ̀ tó máa bá Alábẹ̀wò sọ kọ́ra.

"Sà, inú rẹ̀ ti dàrú. Nǹkan kan ló kù: ká nù ún mọ́ pátá, ká fi ètò tuntun sí i, ká wá kó àkọsílẹ̀ padà sínú rẹ̀ láti inú ẹ̀dà tí a ní. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà ọ̀hún, sà..."

"Alábẹ̀wò wa ọlọ́lá, inú mi dùn púpọ̀ púpọ̀..."

"Sà, dísìkì tí a fi ń ṣe ẹ̀dà lọ́dọọdún, ẹ ní ká kó ọ̀rọ̀ àsọyé yín sí i. Gbogbo ẹ̀ ti kún. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù wà nínú agolo bisikíìtì nílé mi, ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni, ti..."

"...púpọ̀ jọjọ... Ṣé o ò rí i pé mò ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Ti kí ẹ tó di ọ̀gá ni, sà. Fọ́ọ̀mù àwọn tó dé lẹ́yìn ìgbà náà wà ní kọ́bọ́ọ̀dù, a lè máa tẹ̀ wọ́n padà díẹ̀díẹ̀. Ṣé kí n fi ti àtijọ́ yẹn sí i?"

"Fi sí i! Fi gbogbo ẹ̀ sí i! Kí ni mo fẹ́ fi àlàyé ṣe?" Ó fa ìwé kan, ó kọ ọ́ wéréwéré: "Mo pàṣẹ kí a dá gbogbo àkọsílẹ̀ padà sí bó ṣe wà gan-an kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án." Ó fọwọ́ sí i, ó fi òǹtẹ̀ lù ú lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ̀ọ̀dá Wáyà fara balẹ̀ ká ìwé náà sápò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sikirudíráfà. Bóyá ó mọ ohun tó wà níwájú, bóyá kò mọ̀, mi ò lè sọ. Mo kàn mọ̀ pé ó lọ gbé agolo bisikíìtì rẹ̀ wá, ó sì ṣe bí wọ́n ṣe pàṣẹ.

Aago kan lu, Alábẹ̀wò dé. Ìyá kúkúrú kan ni, bàtà pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀, fáìlì kan lábẹ́ apá. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó kí i, ó kí àwọn tó rán an, ó kí àwọn tó rán àwọn tó rán an. Ó dé orí "mo jẹ́ ẹni ìrẹ̀lẹ̀" ní aago méjì. Sisí Aránṣọ ń wo aago ara ògiri láti orí bẹ́ńṣì, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Ọkọ̀ tó máa gbé e dé ilé-ìwé yẹn kì í pẹ́ ju ìdajì wákàtí lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò lè gbé ìwé tí wọn ò tíì tẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù kí Alábẹ̀wò tó ní, "Ẹ ṣeun, ó tó. Ẹ jẹ́ kí n rí kọ̀ǹpútà."

Wọ́n ṣí ìbòrí dúdú. Ọ̀gá ń retí fọ́tò rẹ̀. Àgùntàn mẹ́ta ló jáde, torí pé ètò tuntun ló wà nínú ẹ̀rọ, òun ló sì kó àwọn àgùntàn ọ̀hún wá láti ilẹ̀. Ojú Ọ̀gá yí padà, ṣùgbọ́n Alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín. "Wọ́n mà rẹwà o. Ó yá, ẹ tẹ ìwé ẹ̀rí kan jáde kí n wò ó. Ti ẹnikẹ́ni."

Ẹ wò ó, bí orí bá ń ta èèyàn lólobó, ibí yìí ló yẹ kó ti ta Ọ̀gá. Obìnrin kan wà lórí bẹ́ńṣì tó ti ń dúró láti ọjọ́ méjìlá. Kí ló dé tí kò ní kí wọ́n tẹ tirẹ̀? Ọ̀gá na àyà síta, ó ní:

"Ti ta ni ìbá tún jẹ́ àkọ́kọ́, bí kò ṣe tèmi? Tẹ tèmi!"

Bọ̀ọ̀dá Wáyà tẹ̀ ẹ́. Ìwé jáde, ó gbóná fẹ́lífẹ́lí. Alábẹ̀wò wò ó, ó ṣí fáìlì rẹ̀, ó wo inú fáìlì, ó tún wo ìwé.

"Ọ̀gá, ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Méjìdínlọ́gọ́ta, mà. Iṣẹ́ ṣì wà lára mi."

"Bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú fáìlì wa. Ṣùgbọ́n ìwé tí kọ̀ǹpútà yín tẹ̀ yìí ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni yín. Ọgọ́ta ọdún sì ni ìfẹ̀yìntì."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ti Ọ̀gá ò tiẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tó ku oṣù méjì kó fẹ̀yìntì, ó wá sí ọ́fíìsì nìkan ní Sátidé kan, ó ní òun fẹ́ wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó fi ìka kan yọ ọdún mẹ́fà kúrò nínú ayé ara rẹ̀, ó sì tẹ ìwé ẹ̀rí tuntun ránṣẹ́ sí olú ilé-iṣẹ́. Kò rántí pé ẹ̀dà kan wà nínú agolo bisikíìtì tí Sátidé yẹn ò dé.

"Irọ́ ni!" ni Ọ̀gá ké. "Kọ̀ǹpútà yìí ti ń bá mi ṣọ̀tá tipẹ́! Mo ti kọ kúèrì sí i! Ẹ ṣì lè rí i nínú fáìlì!"

Bọ̀ọ̀dá Wáyà rọra fa ìwé kan yọ lápò. "Mà, àṣẹ tí wọ́n fún mi rèé. Wọ́n ní kí n dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà gan-an kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

Alábẹ̀wò kà á. "Ìfọwọ́sí yín kọ́ nìyí?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ọ̀gá máa wo ìfọwọ́sí ara rẹ̀ tí inú rẹ̀ ò ní dùn. Ó yíjú sí akọ̀wé rẹ̀. "Bá mi sọ fún wọn! Ìwọ lo mọ̀ mí jù! Sọ fún wọn pé ọmọdé ni mí!"

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wo Ọ̀gá. Ó wo Alábẹ̀wò. Ó wo fáìlì tó wà lọ́wọ́ Alábẹ̀wò.

"Ṣé òun ló pa ọjọ́ orí ara rẹ̀ dà?" ni ìyá náà bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni akọ̀wé dáhùn, ó sì tẹ orí ba.

Ẹnu ọ̀nà ni ohùn kan ti wá, kò ga rárá. Sisí Aránṣọ ni. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ó ti kọjá aago mẹ́ta. Ọjọ́ méjìlá ni mo ti wà níbí. Ẹ bá mi tẹ tèmi. Mi ò fẹ́ kí ẹ yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Bó ṣe wà gan-an ni mo fẹ́ ẹ."

Bọ̀ọ̀dá Wáyà ò dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ẹ̀dà àtijọ́, kò lọ síbì kankan. Ó tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú kan kọ́. Ọjọ́ méjìlá, ẹ̀yin èèyàn mi, fún ohun tí kò tó ìṣẹ́jú kan!

Ìwé náà nílò ìfọwọ́sí ọ̀gá àgbà. Bó ti mọ́ Ọ̀gá lára, ó ti yọ bíírò rẹ̀, ó ti ń sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ fi bíírò yẹn sílẹ̀, bàbá," ni Alábẹ̀wò wí. Kò bínú. Bí ẹni ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló ṣe wí i. "Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó yẹ kẹ́ ẹ ti lọ sinmi." Ó mú bíírò tirẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

Sisí Aránṣọ ò ráyè dúpẹ́ tán. Ó sáré jáde, ó gbàgbé aṣọ oníbàárà kan sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára rẹ̀. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló fi ìwé náà lé orí tábìlì ní ilé-ìwé agbẹ̀bí. Ìyá tó wà níbẹ̀ fi ìka tọ ọjọ́ ìbí náà, ó ṣírò rẹ̀ sókè, ó ṣírò rẹ̀ sísàlẹ̀. "Ọmọ ọdún márùndínlógójì," ló wí, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ìgbà yẹn ni Sisí Aránṣọ tó jókòó, tó sunkún.

Ọ̀gá ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ kó ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì kí wọ́n tó dá a lóhùn, ìwé tí Alábẹ̀wò sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ wà nínú fáìlì ẹjọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n rí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó wá gba òmíràn. Ìparí bẹ́ńṣì nìkan ló ṣófo, ibẹ̀ ló jókòó sí. Kò tíì mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan kúrú, ìdí rẹ̀ fẹ́ yẹ̀, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ tì í.

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà yọjú láti inú yàrá. "Ẹ ní sùúrù, bàbá. Ọ́pùdéètì ló ń wọlé."

Láti ibi tó wà, bàbá náà lè rí ojú kọ̀ǹpútà. Búlúù ni. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó ka ohun tó kọ síbẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má pa á. Òǹkà wà ní mẹ́tàlélógójì, kò lọ, kò bọ̀. Wáyà rẹ̀ gba ara ògiri kọjá, kò jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀ rárá.

Ó kó ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan, ó fi ẹsẹ̀ ti bẹ́ńṣì, ó ń dúró.